Tíṣà Tó Ń Fi Ẹja Yíyan Kọ́ Ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì

Bí ẹ bá dé Ìbèṣè, tí ẹ ní Ọ̀gbẹ́ni Olúṣèyí lẹ ń wá, wọn yóò kàn máa wò yín ni. Ẹ ní Tíṣà Pírójẹ́ẹ̀tì, kódà ewúrẹ́ yóò mú yín débẹ̀. Èmi Ìyá Ameerah ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, n kò sì tíì tọrọ àforíjì.

Ọmọ àdúgbò Láṣùnwọ̀n ni, nílùú Ìkòròdú. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìtukọ̀, a sì máa so táì, ìbáà jẹ́ ọjọ́ tí oòrùn ń yan àwa fúnra wa létí ọ̀sà. Sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún nílé-ìwé tó wà lẹ́yìn ilé mi. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ́ wọn, nítorí òfin ibẹ̀ ni pé Yorùbá kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni láti aago mẹ́jọ títí wọn yóò fi lọ sílé. Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn ọmọ ń ka ìwé sókè bí odídẹrẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ní kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí wọ́n kà, gbogbo wọn a dákẹ́ lọ. Ló bá ní òun kò ní máa fi pátákó nìkan kọ́ wọn mọ́. Kí wọ́n fọwọ́ ṣe nǹkan gidi, kí sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì jọ gba inú iṣẹ́ náà wọlé. Ó ní pírójẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Mo ní ohun tí ìyá mi ń pè ní “wá ràn mí lọ́wọ́” nìyẹn.

Màdáàmù Moyọ̀sọ́rẹ, ọ̀gá ilé-ìwé náà, kò fi gbogbo ara fẹ́ ẹ. Wọ́n ní kó fi táàmù kan péré gbìyànjú rẹ̀ wò. Àwọn ilé-ìwé agbègbè wa yóò pàdé ní Ẹ̀pẹ́ láti fi iṣẹ́ ọmọ hàn. Bí àwọn ọmọ tirẹ̀ bá lè fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé iṣẹ́ wọn níbẹ̀, ó lè máa bá a lọ. Bí wọn kò bá lè ṣe é, kó padà sídìí pátákó rẹ̀.

Bí Tíṣà ṣe wọ ọgbà mi nìyẹn. Ẹja ni mò ń yan, látìgbà tí mo ti jáde ìwé mẹ́fà. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn ọmọ fi ààrò mi kọ́ bí iná ṣe ń fa omi kúrò lára ẹja, kí wọ́n fi òṣùwọ̀n wọn ẹja kó tó wọ iná, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá jáde. Mo bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ti yan ẹja rí. Ó ní òun ti kà nípa rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wá ibi jókòó.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo to ẹja àrọ̀ sórí wáyà, mo dá iná sí i níwọ̀n, mo ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, mo sì lọ bá Mọ́ṣúdù apẹja létí ọ̀sà. Tíṣà ti kìlọ̀ fún wọn pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ìbáà ṣe nídìí iná. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹja àrọ̀ sanra. Bí ọ̀rá rẹ̀ bá ti ń kán sínú iná, kẹ́ ẹ tètè yí i padà, kẹ́ ẹ sì wọ́n omi síná, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ iná yóò gbà á. Ọmọ Ìbèṣè wo ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Waliyah, ọmọ Mọ́ṣúdù, rí i. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n inú èéfín ló ti rákòrò. Ó nawọ́ sókè bí wọ́n ṣe ń ṣe ní kíláàsì. Tíṣà, tó dojú kọ ìwé ọwọ́ rẹ̀, tó ń ṣàlàyé nípa ooru, ní kó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Waliyah la ẹnu, ó pa á dé. Àwọn yòókù náà nawọ́ sókè. Ọmọ mọ́kànlá, ọwọ́ mọ́kànlá lókè, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀.

Etí ọ̀sà ni òórùn ti bá mi. Kí n tó sáré dé, ẹja ti di èédú, Tíṣà ń wúkọ́ kíkankíkan, àwọn ọmọ sì nawọ́ sókè síbẹ̀.

“Ta ló rí i tí kò sọ fún mi?” Yorùbá ló fi bi wọ́n, òfin ti bá ẹja jóná.

Waliyah ní, “Mo rí i, sà. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni mo ń wá.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín àfi èmi, èmi náà ni mo sì ni ẹja.

Tíṣà jókòó sórí àpótí mi, ó fọwọ́ lérán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù ká lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó ní bí òun bá gbà wọ́n láyè Yorùbá, ẹnu wọn kò ní là ní Ẹ̀pẹ́. Bí òun kò bá sì gbà wọ́n láyè, wọn yóò dáná sun ilé mọ́ òun lórí.

Mo ní, “Tíṣà, nídìí ààrò, ọwọ́ ló ń ṣáájú ẹnu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ẹja yan ná, kẹ́ ẹ tó bi wọ́n ní ohun tí òyìnbó ń pè é.”

“Màdáàmù ńkọ́, mà?”

“Màdáàmù kì í wọ inú èéfín.”

Láti ọjọ́ náà, nídìí iná, Yorùbá ni. Lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ohun tí wọ́n bá fọwọ́ ṣe nínú, wọn a jáde wá sọ ọ́ lábẹ́ igi, wọn a sì kọ ọ́ sórí páálí. Èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín jù ni pé Tíṣà ní òun náà gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ wá wo ọkùnrin tó so táì, tó ń ká ẹja àrọ̀. Ìrù ẹja lẹ máa tẹ̀ wá sẹ́nu rẹ̀, kẹ́ ẹ fi igi tín-ín-rín gún un pọ̀ kó má baà tú. Ti Tíṣà a yọ̀ bọ́, a wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì, àwọn ọmọ a sì máa lé e bí ẹni lé adìẹ. Waliyah ló gba iṣẹ́ náà kọ́ ọ. Ọmọ náà a ní kó dì í mú lọ́rùn, kó má fún un pa. Tíṣà a sọ ọ̀rọ̀ náà padà fún un ní Gẹ̀ẹ́sì. Waliyah a gbà á lẹ́nu rẹ̀, a sì fi bá a wí lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì kò lo ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ń bá tíṣà rẹ̀ wí ní Gẹ̀ẹ́sì láìdúró ronú.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo bá wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja. Ilé-ìwé kan gbé kọ̀ǹpútà wá. Àwa gbé àgbá tí a gé fi ṣe ààrò, òṣùwọ̀n kan, àti páálí mẹ́ta. Waliyah ka ohun tó wà lórí páálí láìkọsẹ̀, Màdáàmù ń mi orí pé ó dára. Àfi bí ìyá kan nínú àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò ṣe bi í ní ohun tí a kò kọ sórí páálí: bí kò bá sí òṣùwọ̀n, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹja ti gbẹ? Gẹ̀ẹ́sì ìyá náà ga ju tèmi lọ. Tíṣà ló túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí.

Mo rí i tí ọwọ́ Waliyah fẹ́ gòkè bíi ti kíláàsì. Ọwọ́ náà yà sínú apẹ̀rẹ̀. Ó mú ẹja méjì, ó kàn wọ́n mọ́ra létí ìyá náà, wọ́n dún kó-kó bí igi. Ó mú méjì mìíràn tí a yọ lórí iná láàárọ̀ ọjọ́ náà kó tó gbẹ, ìyẹn kò dún. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀díẹ̀: èyí ń dún, omi rẹ̀ ti bá afẹ́fẹ́ lọ, èyí kò dún, omi ṣì wà nínú rẹ̀, kò ní pẹ́ bàjẹ́. Tíṣà ní ó ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ níbi méjì, ṣùgbọ́n kò dúró. Ìyá náà gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kàn wọ́n mọ́ra fúnra rẹ̀, ó sì pe ẹnìkejì rẹ̀ kó wá gbọ́.

Àwa kọ́ la gba ẹ̀bùn, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Àwọn oníkọ̀ǹpútà ló gbé e lọ. Nínú ọkọ̀ tí a fi ń padà bọ̀, Tíṣà jókòó ṣánṣán bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Nígbà tí a kọjá Ìtòìkín, Màdáàmù yíjú sí Waliyah, wọ́n fi Yorùbá pọ́ńbélé bi í bí èèyàn ṣe lè yan edé tí kò fi ní jóná. Waliyah dá wọn lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣe tán aṣọ ilé-ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo wa yíjú sí fèrèsé kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu wa.

Màdáàmù ní, “Ọ̀gbẹ́ni Olúṣèyí, ní táàmù tó ń bọ̀, ẹ mú kíláàsì kẹrin mọ́ ọn.”

Tíṣà dúpẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀. Ká tó dé Ìmọ̀tà, ó ti ka pírójẹ́ẹ̀tì mẹ́rin sí mi létí, láti orí gààrí títí dé orí ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń bi mí èwo ni ká fi ṣáájú. Mo gbé orí lé fèrèsé, mo díbọ́n pé mo ti sùn.