Ṣòkòtò Kerensa àti Ẹ̀rọ Ìlọgi

Denzil Rosewarne kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Bí ó bá wá mu tíì nílé mi, ìdúró ni yóò mu ún, yóò máa lọ yóò máa bọ̀ láàárín sítóòfù àti ilẹ̀kùn bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Orí igi nìkan ni ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Ẹ so okùn mọ́ ọn nídìí, ẹ gbé ayùn onẹ́ńjìnnì lé e lọ́wọ́, kí ẹ wá wò ó lókè igi nínú ìjì Cornwall wa yìí: ńṣe ni yóò máa súfèé.

Kerensa, àbúrò mi, ni ìyàwó rẹ̀. Ògiri òkúta kan ló là wá láàárín, nítorí náà kò sí ìjà wọn tí n kì í gbọ́. Denzil ń gé igi lókè. Kerensa ń wọ́ ohun tó gé lọ sídìí ẹ̀rọ ìlọgi, ó ń fi bọ́ ọ lẹ́nu, ìdí ẹ̀ka ṣáájú, ewé lẹ́yìn, ẹ̀rọ á sì máa tu ẹ̀rún igi sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹni tó wà lókè ni gbogbo abúlé mọ̀. Wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á ní, "Háà!" Mi ò rí ẹni tó ṣe "háà" fún ẹni tó ń wọ́ ẹ̀ka rí, inú sì máa ń bí mi sí i.

Ẹ̀rọ wọn àtijọ́ ti gbó. Ìyá Àgbà là ń pè é. Ẹnu rẹ̀ kéré, gbogbo ẹ̀ka ńlá ni Kerensa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé wẹ́wẹ́. Bí ewé bá sì tutù, á há a lọ́fun. Nígbà tí àrùn wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn igi áṣì ní gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà, iṣẹ́ ya dé, ẹ̀yìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dun Kerensa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó là á mọ́lẹ̀ lójú mi.

"Denzil, àwọn ará ọgbà òdòdó ìsàlẹ̀ ọ̀hún ní kí n wá máa bá àwọn ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. Bí nǹkan ò bá yí padà, mò ń lọ."

"Lọ síbo?"

"Síbi tí nǹkan tí mò ń gbé ò ti ní tóbi jù mí lọ."

Ẹ̀rù ba Denzil. Kò sí ẹlòmíràn tó fọkàn tán nísàlẹ̀ igi, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbélé mọ́. Ó lọ wo ẹ̀rọ tuntun nílùú Truro, ó lọ wò ó ní Bodmin, bó bá sì dé, ara ògiri mi ni yóò wá dúró sí.

"Tamsin, abẹ méjì ló dáa àbí mẹ́rin?"

"Adìẹ ni mò ń sìn, Denzil."

"Ẹ́ńjìnnì tó ń mu dísẹ̀lì ńkọ́?"

"Adìẹ mi ò mu dísẹ̀lì. Lọ bi Kerensa."

"Mo fẹ́ kó yà á lẹ́nu ni."

Ó bi bàbá tó ń pín lẹ́tà. Ó bi àlùfáà. Ẹni tó ń bọ́ ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́ ni kò bi. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n ọkọ àbúrò mi fá tirẹ̀ kodoro.

Ó gbé tuntun dé. Àwọ̀ ọsàn ni, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ débi pé àgùntàn lè gbà á kọjá. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, èmi ni mo sì gbé oúnjẹ ọ̀sán wọn lọ, nítorí náà ojú mi ló ṣe. Denzil ga bí òpó iná. Lọ́jọ́ tó lọ rà á, pèpéle tí wọ́n ń gbé ẹ̀ka lé lẹ́nu ẹ̀rọ náà bá a ní ìbàdí. Àyà ló bá Kerensa. Ìtì igi tó máa ń fi itan tì wọnú Ìyá Àgbà, apá lásán ló fi ń gbé e sókè báyìí. Denzil ń súfèé lókè.

Lójijì Kerensa pa ẹ́ńjìnnì. Ó bọ́ akoto orí rẹ̀, ó fi kọ́ irin pupa tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ náà dúró.

"Kí ló dé? Ó há ni?" Denzil kígbe.

"Èmi ni mo há."

"Mo mà ra èyí tó tóbi jù ní gbogbo agbègbè yìí fún ọ!"

"Fún mi? Sọ̀ kalẹ̀, kó o wá dúró síbi tí mo dúró sí. Kó o kúnlẹ̀ o! Bó o bá nàró, o ò ní rí nǹkan tí mò ń sọ."

Ó gba páì ẹran tirẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó kọjú sílé. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé agbọ̀n mi sórí ibojì ẹni ẹlẹ́ni.

Láti ìgbà náà ni Denzil ti ń dá ṣe é. Á gé, á sọ̀, á wọ́ ẹ̀ka, á tún gùn. Kò súfèé mọ́. Kerensa ń rìn kiri inú ilé, kò rí nǹkan kan ṣe parí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, èyí tó nípọn, pòórá lórí okùn aṣọ. A tú inú igbó, a tú ilé adìẹ mi.

"Ìjì ti gbé e lọ," mo wí.

"Kó máa gbé e lọ. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe nínú ọgbà òdòdó?"

Ó sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun ló tún wá a títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ Denzil dé. Ó ti fi ẹ̀rọ aláwọ̀ ọsàn ṣe pàṣípààrọ̀. Òmíràn, aláwọ̀ ewé, kékeré sí i, ló fà wálé. Ṣòkòtò Kerensa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ́ìlì dúdú yí ìbàdí ṣòkòtò náà ká.

"Mo gbé e ti ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan," ó ní. "Mo jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, mo sì wo ibi tí ìbàdí rẹ bọ́ sí. Ọkùnrin tó ń tà á ní, 'Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹ̀rọ lo wá rà àbí aṣọ lo wá tà?'"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Kerensa kò rẹ́rìn-ín.

"Níbo ni mo wà nígbà yẹn?"

"O wà nílé."

"Mo wà nílé. Mo ní ẹnu, mo ní ẹsẹ̀. O fi mí sílẹ̀, o mú ṣòkòtò mi lọ!"

Ẹsẹ̀ Denzil kò yẹ̀ kúrò lójú kan. N kò rí i kí ó dúró jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ rí.

"Mo jẹ̀bi," ó wí. "Kerensa, ṣé eléyìí á ṣe é lò fún ọ?"

Kerensa wọ́ ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún kan wá, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó gbé ìdí ẹ̀ka lé pèpéle, ó fi itan tì í. Ẹ̀rọ náà gbà á. Ó tún wọ́ òmíràn, ó tún tì í. Lẹ́yìn náà ó pa á.

"Irin pupa yìí jìnnà sí mi. Bí ẹ̀ka bá fà mí, ọwọ́ mi ò ní tètè bà á."

"Mo lè sún un."

"O ò ní fọwọ́ kàn án. Lọ́la, èmi àti ìwọ la jọ ń lọ bi àwọn tó tà á."

"Ọgbà òdòdó wá ńkọ́?" mo bi í.

"Bá mi sọ fún wọn kí wọ́n wá ẹlòmíràn." Ó na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀. "Mú ṣòkòtò mi wá. Òun ni màá wọ̀ lọ."