Sòbìà Ẹsẹ̀ Màmá Mi

Títí di òní, mo máa ń sá fún òórùn epo pupa gbígbóná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lábúlé wa nítòsí Kétu, màmá mi fi epo pa ojú sòbìà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó wé orí aràn náà mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́.

"Díẹ̀díẹ̀ là ń yí i," ó rẹ́rìn-ín. "Àlejò alágídí ni."

Nígbà tí oorun gbé e lọ, mo fa igi náà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tètè sàn. Aràn náà já. Nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ náà wú, ó gbóná bí ààrò. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ara rẹ̀ ló ń bá àjákù aràn jà, ìjà náà ló sì sọ ọ́ di arọ.

"Ta ló fà á?" bàbá mi jágbe lálẹ́ ọjọ́ náà.

Màmá mi di ọwọ́ mi mú lábẹ́ aṣọ, ó dáhùn:

"Èmi ni. Mo fà á lójú oorun."