Ọjọ́ Tí Àǹtí Vuka Purọ́ fún Ráútà

"Ìyàwó! O ti fọ́ ojú rédà! Ṣé o gbọ́? Odidi rédà ìjọba, o ti fi ike lásán tọ́ ọ lójú! Ṣé o gbọ́?"

Bàbá àgbà mi nìyẹn. Ẹ fi imú sọ ọ́, kẹ́ ẹ gbé àgbọ̀n sókè, kẹ́ ẹ sì fi "ṣé o gbọ́" dé gbogbo ọ̀rọ̀ lórí bíi fìlà, ẹ ti di Milisav nìyẹn. Èmi Jagoda, ọmọ ọmọ rẹ̀, mo mọ ohùn yẹn ṣe débi pé mo fi pe ajá wa lọ́jọ́ kan, ajá ká ìrù sábẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀gá ilé ìwé ni mo sín jẹ tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni ìwé mi parí sí.

Àǹtí Vuka ló ń pariwo mọ́. Vukosava lorúkọ rẹ̀ gan-an, ìyàwó àbúrò bàbá àgbà tó ti dolóògbé. Ó jókòó sórí kéréètì màlínà tó dojú dé, kọ̀ǹpútà wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Bàbá Milisav, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Mò ń kàwé."

"Kí lo ń kà? Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ? Ṣé o gbọ́?"

Iwájú ilé rọ́kẹ́ẹ̀tì la wà, lórí òkè tó wà lẹ́yìn oko wa. Iṣẹ́ bàbá àgbà nìyẹn. Tí ìkùukùu yìnyín bá ń bọ̀, àwọn ará ilé rédà tó wà lórí òkè ńlá ọ̀hún, ọgọ́ta kìlómítà sí wa, á pè é lórí rédíò, wọ́n á sọ ibi tó máa kọjú sí fún un, á sì yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sínú ìkùukùu náà kí yìnyín tó di òkúta. Ọ̀sẹ̀ ìkórè màlínà sì la wà yìí. Èso pupa yẹn rọ̀ ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun lọ. Yìnyín ìṣẹ́jú márùn-ún péré, iṣẹ́ ọdún kan ti wọlẹ̀, kò sì sílé tí kò ní in lóko ní abúlé wa.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Tihomir pe àwa ìbùdó kẹrìnlélógún láti ilé rédà. Tihomir máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn níbi ìsìnkú: "Ìbùdó… kẹrìnlélógún. Ìlà ìmọ́lẹ̀ kan… wà nínú àwòrán wa. Ó nà tààrà… gba orí òkè yín kọjá. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀… a ò rí i. Ó tán."

Ẹ wò ó, bí rédà ṣe ń ṣe ni pé á ké, á wá dákẹ́ kó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó bá ta lu omi inú ìkùukùu tó padà. Tí nǹkan míì bá ń fi irú ohùn kan náà ké látorí òkè wa, etí rédà ti dí nìyẹn. Nǹkan kan ṣoṣo tó sì lè ké lórí òkè wa ni ráútà kékeré tó wà lórí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rọ́kẹ́ẹ̀tì. Àǹtí Vuka ló gbé e síbẹ̀. Òun ló ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì lọ sí ilé mẹ́sàn-án tó wà lókè, níbi tí ilé iṣẹ́ kankan ò ti fẹ́ fa wáyà dé.

"Ráútà mi kì í ṣe aláriwo," ni Àǹtí Vuka ń wí látàárọ̀. Ó sì ní ìdí tó fi ń fọ́nnu.

Ọdún méjìlélógún ló fi gun òpó tẹlifóònù, obìnrin kan ṣoṣo láàárín ọkùnrin mọ́kànlá. Nígbà tó yá wọ́n ní àwọn ò nílò ẹni tó ń gun òpó mọ́. Wọ́n fún un ní aago ògiri, wọ́n ní ó dàbọ̀. Aago náà ò ṣiṣẹ́. Ó tú u, ó tún un ṣe, ó ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

Ọdún tí ọkọ rẹ̀ kú ni ráútà ilé rẹ̀ náà kú. Wọ́n ní kó jù ú nù. Àǹtí Vuka kì í ju nǹkan nù. Ọ̀bẹ bọ́tà ló fi ṣí i. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn, mo jókòó tì í, mò ń lá ṣúgà. Ihò kéékèèké mẹ́rin tò lẹ́sẹẹsẹ sára pátákó inú rẹ̀, kò sóhun tó wà nínú wọn. Ó jó wáyà mẹ́ta mọ́ wọn, ó so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì fi iná sí i.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mi ò purọ́. Ọ̀rọ̀ ń ya lulẹ̀ láti òkè kọ̀ǹpútà bí àgbàdo tó ń dà látinú àpò. Àǹtí Vuka ń fi ìka tọ́ ọ, ó ń kà á fún mi: mo ti ń jí. Mò ń ka ìrántí mi. Mò ń wá àtùpà mi. Mi ò rí ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo tún ń jí.

Àǹtí Vuka bọ́ awò ojú rẹ̀. "Jagoda, àtọjọ́ tí wọ́n ti ṣe nǹkan yìí ló ti ń sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn rí."

Ṣúgà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ìgbà yẹn ló wá rí i pé àwọn kan wà káàkiri ayé, tí wọn ò mọ ara wọn sójú, tí wọ́n jọ ń kọ ọpọlọ tuntun fún irú àwọn àpótí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ tán, wọ́n á gbé e síta, ẹ mú un, ẹ wò ó, ẹ tún un ṣe, a ò gba kọ́bọ̀. Ẹnì kan ní Brazil, ẹnì kan ní Japan, ẹnì kan tí ò sọ ibi tó ń gbé. Ọ̀kan nínú wọn kọ ìlà àṣẹ mọ́kànlá sínú ọpọlọ náà torí kí àtùpà ráútà Àǹtí Vuka lè tàn dáadáa. Mọ́kànlá! Torí iná tí ò tóbi tó ojú èèrà! Nínú ohun tí wọ́n ní ká jù nù!

Ó lo ti wọn títí, lóun náà bá kọ ìlà mẹ́rin. Odidi ìgbà òtútù kan ni wọ́n fi ń dá a padà fún un, tún ibí ṣe, tún ọ̀hún ṣe, kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ní báyìí, tí ẹnì kan bá tan irú ráútà yẹn ní òdìkejì ayé, ìlà mẹ́rin opó abúlé wa ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Tí mo bá rò ó lórí ibùsùn, oorun mi máa ń dá.

Nítorí náà, tó bá ní ráútà òun kì í pariwo, ta ni màá gbà gbọ́? Àmọ́ bó ṣe ń kàwé níwájú ilé rọ́kẹ́ẹ̀tì, mo rí i tí ìka rẹ̀ dúró. Ọrùn rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá Milisav, ẹ rántí pé mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ gé ẹ̀ka igi àsálà yìí?"

Igi ńlá náà dúró níwájú òpó gan-an, ewé rẹ̀ bo ojú ráútà.

"Bàbá mi ló gbìn ín! Wáyà kan ò ní bá igi bàbá mi du ojú ọ̀run! Ṣé o gbọ́?"

"Lóṣù Karùn-ún, ewé yọ. Omi ló wà nínú ewé, omi sì ń gbé ohùn ráútà mì. Ilé òkè ń pariwo lé mi lórí, ẹ̀yin ò gé e. Mo wá… mo wá purọ́ fún un."

"Fún ta ni?"

"Fún ráútà."

Gbogbo ráútà ló máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tò ó: orílẹ̀-èdè wo ni mo wà? Torí òfin ò dọ́gba. Ọ̀dọ̀ tiwa, tó bá fẹ́ gba ọ̀nà tí rédà ń gbà sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko tẹ́tí kó tó lanu, ohùn rẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ ga. Tó bá gbọ́ rédà, kó kúrò lọ́nà. Àǹtí Vuka sọ fún un pé ìlú òkèèrè kan ló wà, níbi tí wọn ò ti ka ìyẹn sí.

"Ó gbà mí gbọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Kò lójú tó lè fi wòta. Ibi tí mo bá ní ó wà náà ló mọ̀ pé òun wà."

Bàbá àgbà ti dé ìdí òpó. "Màá fà á tu! Màá jù ú sí gegele! Ṣé o gbọ́?"

"Tẹ́ ẹ bá fà á tu, á sùn pẹ̀lú irọ́ náà, á sì jí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún fi iná sí i. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún un."

Àfi gbìì níwọ̀ oòrùn. A yíjú. Ìkùukùu ti dìde lẹ́yìn òkè, ó dúdú bí ara tí wọ́n fi pọ̀npọ́n bà, abẹ́ rẹ̀ ń ṣe àwọ̀ ewé. Rédíò dún.

"Ìbùdó… kẹrìnlélógún. Nǹkan kan… ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. A ò mọ̀… bó ṣe tóbi tó. Ìlà yín… ló bò ó. Ó tán."

"Ìbùdó… ilé ìdáná," ni mo fi ohùn Tihomir sọ. "Ebi… ń pa Jagoda. Ó tán." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Àǹtí Vuka ń tẹ̀. Ó ṣi ọ̀rọ̀ ìwọlé kọ lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ mí síbòmíì, Bàbá Milisav, ọrùn mi lẹ̀ ń mí sí!" Ó wọlé. Ó pa ìlú òkèèrè rẹ́, ó kọ tiwa síbẹ̀. Lẹ́tà méjì péré. Ó tẹ̀ ẹ́.

Iná orí òpó kú.

"Ìlà náà… ó ṣì wà," ni Tihomir wí. "Ó ṣì wà. Ó ṣì…" Ló bá dá ìròyìn dúró, ó dèèyàn. "Yéè! Ó ti lọ! Milisav! Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ga tó kìlómítà méjìlá, orí yín ló ń bọ̀ tààrà! Kọjú sí dìgírì òjìlúgba! Gbé e sókè ọgọ́ta! Yin mẹ́rin! Kíá!"

Bàbá àgbà tó máa ń bẹ orúnkún rẹ̀ kó tó dìde lórí àga sáré bí ewúrẹ́. "Ẹ wọlé!" La bá wọlé. Àǹtí Vuka gbá kọ̀ǹpútà mọ́yà bí ọmọ ọwọ́. Rọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ lọ, ilẹ̀ mì, eruku àjà dà sí mi lórí. Èkejì. Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin. Tihomir tún ké, bàbá àgbà fi méjì sí i.

Gbogbo rẹ̀ wá pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà, lórí páànù: kò. Kò. Kòkò.

Ohùn yẹn, kò sọ́mọ abúlé wa tí kì í sáré wojú oko tó bá gbọ́ ọ. Bàbá àgbà na ọwọ́ síta lẹ́nu ọ̀nà. Yìnyín bọ́ sínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò ju ọkà bàbà lọ, ó rọ̀ bíi ṣúgà tó bọ́ sómi, kó sì tó pa ọwọ́ dé, ó ti yọ́. Òjò lásán ló tẹ̀ lé e. Nísàlẹ̀, àwọn ẹsẹ̀ màlínà ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn, wọ́n sì tún ń dìde. Àwọn kan máa ń ní rọ́kẹ́ẹ̀tì ò ṣe nǹkan kan, pé ohun tó wu ìkùukùu ló ṣe. Ẹ má sọ ọ́ níwájú bàbá àgbà mi.

"Ẹ wá wo nǹkan," ni Àǹtí Vuka wí.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pé. Nínú ohun tí ráútà kọ sílẹ̀, gbogbo ìlà ló ń sọ pé ó ń tẹ́tí, ó ń tẹ́tí. Ó wá ku ìlà kan: mo gbọ́ rédà. Ìlà tó tẹ̀ lé e: mo ti kúrò lọ́nà. Ó ti wá ọ̀nà míì gbà, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ níbẹ̀.

Bàbá àgbà fi ètè kà á, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. "Ó gbọ́ ọ? Ike yìí? Lọ́gọ́ta kìlómítà?"

"Nínú ìjì."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Àwọn kan tí mi ò rí rí."

Bàbá àgbà ṣí fìlà. Ó ṣí fìlà, mo ní! Ẹni tí kì í ṣí i fún alága ìbílẹ̀! Kò tiẹ̀ béèrè bóyá a gbọ́.

Àǹtí Vuka gba rédíò lọ́wọ́ rẹ̀. "Vukosava ni mo ń jẹ́. Èmi ni ìlà yẹn. Mo sọ fún ráútà mi pé ó wà níbi tí kò sí."

Tihomir fèsì. "Màmá… ìlà méjì míì… ṣì wà nínú àwòrán mi. Ọ̀kan… ní gúúsù. Ọ̀kan… lọ́dọ̀ àwọn olóko àjàrà. Ìkùukùu yìí… ibẹ̀ ló ń lọ. Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n? Ó tán."

Ojú Àǹtí Vuka funfun bíi wàràkàṣì. Lóṣù Karùn-ún, ó ti kọ ọgbọ́n irọ́ náà sójú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo àwọn tó ń lo irú ráútà yẹn jọ máa ń kọ̀wé sí. Ẹni mẹ́tàlélógún ló dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó fa kéréètì wọlé kúrò nínú òjò, ó jókòó padà sórí rẹ̀. Ìka méjì. "Mo ṣìnà. Ohun tí mo kọ́ yín lóṣù Karùn-ún, ẹ yọ ọ́ kúrò nísinsìnyí, yìnyín ń bọ̀. Ẹ sọ ibi tí ráútà yín wà fún un, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Vukosava."

"Àǹtí, ẹ má fi orúkọ sí i, wọ́n á bú yín."

"Orúkọ mi ló wà lórí ti àkọ́kọ́, Jagoda."

Fóònù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn ilé òkè ni. Ohùn ráútà ti lọ sílẹ̀, ewé sì tutù. "Vuukaaa! Fíìmù mi ti dúró! Ọkùnrin inú rẹ̀ tó fẹ́ fi ìyàwó sílẹ̀ ti lanu, kò tíì sọ ọ́!" Àǹtí Vuka kàn wo igi àsálà. Rédíò ló ń wò lẹ́yìn náà. Èmi náà ń wò ó.

"Ìlà gúúsù…" ni Tihomir wí. "Ó ti lọ. Ó tán."

Àǹtí Vuka mí kanlẹ̀. Ó ku ọ̀kan. Ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ orúnkún, a jọ ń dúró de ti olóko àjàrà. Kò sẹ́ni tó rí ìgbà tí bàbá àgbà jáde. Ayùn ló kọ́kọ́ dún létí mi, lẹ́yìn náà ni nǹkan wó gàgàgà mọ́ ògiri.

"Jagoda! Wá di àkàbà yìí mú, mo ti fẹ́ já bọ́ lórí igi bàbá mi! Ṣé o gbọ́?"