Apànìyàn Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Òórùn ọ̀dà ilẹ̀, ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń bù nínú kòtò lágbègbè wa, máa ń wọlé kí ẹni tó gbé e tó dé. Bẹ́ẹ̀ ló rí láàárọ̀ Sátidé kan ní Agbabu, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń sá kòkó bàbá wa lórí ẹní ní àgbàlá, ìyá wa sì jókòó sórí àpótí, ó ń ka ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún wa. Tíṣà ni ìyá wa, láti apá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti gbé e wá kó tó fẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀. Ìwé mẹ́ta ni ìtàn náà pín sí, Dúródọlá lorúkọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú rẹ̀. Àwa ọmọ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Bí ìyá wa bá ti dé ibi tí apànìyàn ti ń bọ̀, yóò rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ ò ní gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òórùn ọ̀dà lẹ óò kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀bá kòtò ọ̀dà ló máa ń dúró sí, ọmọ tó bá dá wá síbẹ̀ ló ń mú." Oòrùn ń ràn lórí kòkó, síbẹ̀ òtútù a mú mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ rántí bí ìwé ṣe máa ń dẹ́rù bani nígbà yẹn?

Ibẹ̀ gan-an ló kà dé láàárọ̀ ọjọ́ náà tí òórùn ọ̀dà fi wọlé. Mo gbójú sókè. Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Bàbá Jósẹ́fù ni, tó máa ń yọ́ ọ̀dà lórí iná láti fi dí páànù tó ń jò. Ìyá wa ló ránṣẹ́ pè é. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, síbẹ̀ mo figbe ta: "Apànìyàn rè é o! Òun ló ń mú ọmọ!"

Ìyá wa gbá mi létí. "Ẹyin lọ̀rọ̀," ó wí, "bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

Ó ti fọ́ ná. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, gbogbo ilé ìwé ti gbọ́. Àwọn ọmọ ń sọ Bàbá Jósẹ́fù lókò. Àwọn ìyá wọn rántí pé ọmọ kan ti kú sínú kòtò ọ̀dà lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ wọn mọ́ra bó bá ń kọjá. Kò sẹ́ni tó tún pè é wá dí páànù. Tiwa náà jò títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n sọ ìtàn Dúródọlá di fíìmù. Mo wò ó nílé mi ní Ore, inú bí mi. Dúródọlá tó ń gun kẹ̀kẹ́, tó máa ń dákẹ́ títí ọ̀daràn yóò fi tú àṣírí ara rẹ̀, ti di ọ̀dọ́mọkùnrin alámọ̀ọ́tán tó ń wa mọ́tò. Apànìyàn wá ń ta sánsán lọ́fínńdà! Mo ní wọ́n ti ba ìwé jẹ́. Mo lọ gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ ìyá mi kí n lè fi àṣìṣe wọn hàn.

Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí kòtò, kò sí ọ̀dà. Lọ́fínńdà ló wà níbẹ̀. Bí mo ṣe ń kà á, ohùn ìyá mi ń bá mi kà á létí, ó ń sọ ohun tí kò sí lójú ìwé. Ẹ̀rù bà mí ju ti ìgbà èwe lọ. Mo gbé ìwé sí imú. Òórùn aáyán lásán ni.

Mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo bi í léèrè ibi tí ọ̀dà àti kòtò ti wá.

"Èmi ni mo fi kún un," ó wí. "Mo fẹ́ kí ẹ máa bẹ̀rù kòtò yẹn ni."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ lọ́jọ́ náà, Mọ́mì?"

"Tíṣà ni mí. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé mò ń purọ́ mọ́ ìwé?"

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Agbabu. Bàbá Jósẹ́fù ṣì wà láyé, ojú rẹ̀ ti fọ́, ó jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òórùn ọṣẹ nìkan ló kù lára rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ohun tí n kò mọ̀ ni mo fi gbogbo agbára pariwo. Mo wá dàgbà, mo mọ òótọ́, ohùn ò jáde. Mo kàn dúró gbagidi.

Ó gbọ́ mímí mi. Ó fọwọ́ wá ọ̀pá rẹ̀, ó rọra dìde.

"Má bẹ̀rù, ọmọ mi," ó wí. "Máa kọjá. Mo ti ń wọlé lọ."