Matilda Gbálẹ̀ De Bíbélì

Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbá.

Kí ará Kamazou ní Kaduna tó jí tán, kí kẹ̀kẹ́ Napep àkọ́kọ́ tó gba iwájú ilé kọjá sí Sabon Tasha, ìgbálẹ̀ Matilda ti ń lọ, ó ti ń bọ̀ nínú pálọ̀. Abẹ́ àga. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìdí kọ́bọ́ọ̀dù tí àlejò kankan kì í wò. Kò rí ìdọ̀tí mọ́, etí ló fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ìgbálẹ̀ bá ń ha ilẹ̀, erùpẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá ń lọ wẹ́rẹ́, ó ti tán.

Lẹ́yìn ilẹ̀, ara. Yóò bọ́jú, yóò fọ ẹsẹ̀, yóò pààrọ̀ ìró tó fi sùn, yóò wé gèlè kékeré.

Lẹ́yìn ara, ọkàn. Èyí ló le jù. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́, Onítẹ̀bọmi pọ́ńbélé, tó tẹ̀lé ọkọ wá ṣòwò ní Kaduna tí kò padà mọ́. Ìyá náà gbà pé ẹni tó ń retí àlejò pàtàkì kì í jókòó sínú ìdọ̀tí dè é. "Bí o bá ń bá ẹnikẹ́ni jà," a sì fi kún un, "má fọwọ́ kan ìwé yẹn. Lọ parí ìjà ná." Nítorí náà Matilda a jókòó, a ro gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ lánàá, a dárí jì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tìkanra tìkanra.

Ó wá kan Bíbélì. Yóò gbé e lé itan. Yóò ṣí i.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Kì í ṣe òkùnkùn biribiri. Bí ẹni ń yọjú wo inú ilé láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́ ni, tí ẹnìkan sì ti fi òwú dí ihò náà. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé. Ọ̀rọ̀ kò wọlé.

Ojú yìí ló fi jẹun nígbà kan rí. Ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kakuri, Matilda wà lára àwọn tó ń yẹ aṣọ wò. Aṣọ a máa ṣàn kọjá lórí tábìlì tí wọ́n tan iná sí lábẹ́, bí odò, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, níbi tí fọ́nrán òwú kan bá sì ti já, ọwọ́ rẹ̀ a ti dé ibẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ dákẹ́. Ọ̀kan lónìí, òmíràn lọ́la, títí gbogbo Kakuri fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni Ọládàpọ̀ ọkọ rẹ̀ kú, akọ̀wé rélùwéè, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í jẹun kó má dúpẹ́. Lẹ́yìn náà, ojú. Dókítà sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé iṣan ẹ̀yìn ojú ló ti kú, pé awò ojú kankan kò lè ràn án, pé èyí tó lọ ti lọ. Nọ́ọ̀sì tún un sọ fún un ní Haúsá. Ní èdè méjèèjì, ó burú.

Àwọn èèyàn ní kó máa gbọ́ Bíbélì, bí kò bá lè kà á. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Matilda kì í ka Bíbélì bí ẹni ń ka ìròyìn. Ẹsẹ kan. Ìka lábẹ́ ẹsẹ náà. Yóò kà á, yóò dúró, yóò padà sẹ́yìn, yóò jẹ ẹ́ lẹ́nu bí obì. Ẹsẹ kan lè tó o fún odindi àárọ̀ kan. Aṣáájú àwọn ọ̀dọ́ ìjọ bá a gbé Bíbélì olóhùn Yorùbá sórí fóònù rẹ̀. Ọkùnrin inú rẹ̀ ń sáré bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Matilda ní kó dúró. Kò dúró. Ó bẹ̀ ẹ́. Kò dúró. Kó tó wá bọ́tìnì tí yóò dá a dúró rí, ọkùnrin náà ti gba orí méjì kọjá.

Moyinọlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ máa ń ka Yorùbá pọ̀. Ọmọ Moyinọlá ti wá mú un lọ sí Èkó. Àwọn ìyá yòókù, ilẹ̀ ti ń gbà wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń wàásù ní ìjọ báyìí, ẹnìkan a sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí Haúsá.

Ó wá ku Ọpẹ́mipọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọpẹ́ ń ṣe tíṣà ní Makera, ó sì ti fẹ́ lọ. Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà ní Abuja, Ọpẹ́ náà ti ríṣẹ́ síbẹ̀, ọjọ́ Ajé ni yóò wọ ọkọ̀ ojú irin ní Rigasa. Matilda ti rò ó síwá sẹ́yìn. Bí Ọpẹ́ bá lè kà á, láràárọ̀ ni yóò máa pè é lórí fóònù láti Abuja, yóò ka ẹsẹ kan, yóò dúró, yóò tún un kà. Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Ọpẹ́ kò bá sì lè kà á, kò sí ẹlòmíràn mọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọpẹ́ gbọ́ Yorùbá dáadáa. Kò sọ ọ́. Kò kà á rí.

Ta ló sì fà á? Ọdún tí ìlú gbóná, ní ọdún ẹgbẹ̀rún méjì, tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì kọjú ìjà síra wọn, Rigasa ni wọ́n ń gbé, Ọpẹ́ kò sì ju ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n lọ. Faridah, aládùúgbò wọn, ló ti Matilda àti ọmọ mọ́ yàrá inú lọ́hùn-ún tó fi ara rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn kan ti dá Matilda dúró lójú pópó. Haúsá ló fi dá wọn lóhùn. Haúsá tó dán, tí kò ní àbùkù. Wọ́n jẹ́ kó kọjá. Láti ọjọ́ náà ló ti ṣòfin. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ yóò béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè orúkọ yóò béèrè ibi tó ti ń sìn. Haúsá ni kó sọ níta. Haúsá nínú ilé. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lójú oorun pàápàá, kó fi Haúsá sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n kó dé Kamazou, tí òfin náà kò wúlò mọ́, kò rántí láti fagi lé e. Ọmọ ti dàgbà sínú rẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n dá láti jọ kà á. Matilda gbálẹ̀, ó tún un gbá. Ó fọ ẹsẹ̀. Ó jókòó láti dárí ji àwọn èèyàn, Japhet sì dí i lọ́nà. Japhet ni ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wọn, ẹ̀rọ tó ń han bí ẹran tí wọ́n ń pa. Matilda ti sọ̀rọ̀ burúkú sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó táràrà lọ bá a.

"Mama Ọpẹ́, ina kwana," ni Japhet kí i.

"Lafiya. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni." Haúsá ni wọ́n ń sọ.

"Ẹ wá bẹ èmi? Ẹ̀yin tí ẹ ní Sátánì ló ń gbé inú ẹ̀rọ mi?"

"Mo ti dárí jì ọ́."

"Mama, èmi ni ẹ bú."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro."

Japhet rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Matilda ní kó jọ̀ọ́, kó má tan ẹ̀rọ náà títí òun àti ọmọ òun yóò fi kàwé tán.

"Àwọn alágbàdo ti ń bọ̀ o."

"Kí wọ́n jókòó. Kí àwọn náà gbàdúrà."

"Ẹni tébi ń pa kì í gbàdúrà gùn, Mama. Ẹ yára."

Ọpẹ́ ti fọ ẹsẹ̀ tirẹ̀ kí Matilda tó padà dé, nítorí ìyá rẹ̀ ní kó fọ̀ ọ́. Ó ti pa fóònù. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, Bíbélì lórí itan àwọn méjèèjì, apá kan lórí ìyá, apá kan lórí ọmọ. Orin Dáfídì ni Matilda ní kó ṣí, èyí tó máa ń kà nígbà tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́.

Ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ó ń kà á bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta. Ọ̀rọ̀ kan. Ìdúró. Ọ̀rọ̀ kan. Èyí tó yẹ kó gòkè ń wọlẹ̀, èyí tó yẹ kó rọlẹ̀ ń fò sókè. Matilda na etí. Ó dà bíi pé wọ́n gbé ọmọ ìyá rẹ̀ wá, wọ́n fi aṣọ bò ó lójú, wọ́n ní kó dá a mọ̀. Ó tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Ó tún òmíràn ṣe. Kò pẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń tún ṣe, ẹsẹ kan kò sì tíì parí.

"Mama, mi ò mọ ohun tí mò ń kà." Haúsá ni Ọpẹ́ fi sọ ọ́.

"Máa kà á lọ."

"Ẹ ò gbọ́ ọ, èmi náà ò gbọ́ ọ. Ta wá ni mò ń kà á fún?"

Ọpẹ́ tan fóònù rẹ̀ padà, ó wá a ní Haúsá, ó sì kà á. Ohùn rẹ̀ dùn, ohùn ẹgbẹ́ akọrin, ọ̀rọ̀ ń ṣàn láìkọsẹ̀. Matilda gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tí kò yé e. Ṣùgbọ́n ibi tí Haúsá máa ń lọ nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà lọ: ibi tí wọ́n ti ń ná ata, ibi tí wọ́n ti ń bá oníkẹ̀kẹ́ fa ọ̀rọ̀, ojú pópó ọjọ́ yẹn. Kò kórìíra èdè tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Inú rẹ̀ kò kàn dáhùn ni. Ọpẹ́ tún dán Gẹ̀ẹ́sì wò. Ìyẹn dún bí ìfilọ̀ ìjọ.

"Ẹ̀yin ẹ sọ ọ́," ni Ọpẹ́ wí. Ó ti fi fóònù sílẹ̀. "Ẹ sọ ọ́ láti orí, kí n máa fi ìka tẹ̀lé yín nínú ìwé. Àwọn ọmọ kíláàsì mi, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìwé kíkà nìyẹn."

Matilda di gèlè rẹ̀ le. Ó bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ àkọ́kọ́ jáde bó ṣe yẹ kó jáde, ohùn rẹ̀ lágbára ju bó ṣe rò lọ. Ìka Ọpẹ́ ń lọ lórí bébà, Matilda ń gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹsẹ kejì.

"Mo rí i, Mama. Mo ń tẹ̀lé yín." Yorùbá ni. Ó wú Matilda lórí.

Ẹsẹ kẹta, ó dé ìdajì, ọ̀rọ̀ já mọ́ ọn lẹ́nu.

Kò há a sórí rí. Kí ni èèyàn yóò há ohun tó wà lórí itan rẹ̀ láràárọ̀ sórí fún? Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sáré bọ̀ kí agbára rẹ̀ lè gbé e kọjá ibẹ̀. Kò dé ibi tó dé tẹ́lẹ̀.

"Kí ló kàn, Ọpẹ́?"

Ìka Ọpẹ́ ti sọnù nígbà tí ìyá rẹ̀ padà sẹ́yìn. Ó gbé e sókè, ó gbé e sílẹ̀. Gbogbo ìlà jọ ara wọn.

"Ẹ dúró, Mama. Ẹ jọ̀ọ́. Mò ń wá a."

Ó ṣí ewé kan. Ó dá a padà. Matilda mọ̀ pé kò ní rí i. Ó dúró dè é bẹ́ẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń tún un sọ lábẹ́lẹ̀, lábẹ́lẹ̀, kí ìyẹn náà má baà lọ.