Irúgbìn Ìyá Mi Lábẹ́ Ọpọ́n Ìfọ̀wo

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ kò ju ìró bébà tí ẹnìkan rọra ń fà ya lọ. Mo jókòó nídìí tábìlì mi ní Pobè láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń fi ẹ̀dà méjì ìwé kan wé ara wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ìró náà sì ń ti ilé ìdáná wá. Ó dákẹ́. Mo dá ojú padà sórí ìwé. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dìde lẹ́ẹ̀kẹta ni mo ṣí plàkáà, ìyẹn àpótí onílẹ̀kùn méjì tó wà lábẹ́ ọpọ́n ìfọ̀wo, mo sì rí ìrù eku kan tó ń wọ inú ògiri lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù omi.

Eku nìkan kò tó láti lé olùkọ́ bíi tèmi kúrò nídìí iṣẹ́ ìwé. Ohun tó wà nínú plàkáà náà ló kó mi láyà sókè: ìdì méjì irúgbìn àgbàdo ìyá mi, tí háríhá ṣì wà lára gbogbo wọn.

Àgbẹ̀ ni ìyá mi, ní Issaba. Lẹ́yìn ìkórè oṣù Keje, ó gun àga láti so irúgbìn yìí mọ́ àjà ilé ìdáná rẹ̀. Àga yẹ̀, ìyá mi sì fi ìbàdí lulẹ̀. Dókítà ní kó má gun nǹkan kan mọ́. Mo lọ mú un wá sọ́dọ̀ ara mi, ó sì gbà láti wà pẹ̀lú mi títí òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ohun kan kí ó tó wọ ọkọ̀: “Irúgbìn mi ń bá mi lọ. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́ lọ́dọ̀ rẹ, ọjọ́ náà ni n óò padà.” Àgbàdo funfun kékeré ni, èyí tó tètè ń gbó, tó gbà lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Bí ó bá padà sí Issaba, yóò tún gun àga. Gbogbo ohun tí mo ń bẹ̀rù lákòókò yẹn kò ju àga kan ṣoṣo yẹn lọ.

Lọ́dọ̀ wa, irúgbìn kì í kúrò lókè iná. Orí àjà ni a ń so ó mọ́, èéfín a sì máa rú sí i láti ìkórè títí di ìgbà ìgbìn. Nígbà tí ìyá mi kọ́kọ́ wọ ilé ìdáná mi, òkè ló wò. Ó rí pátákó funfun tí a fi tẹ́ abẹ́ òrùlé. Ó wo ilẹ̀.

“Níbo lo ti ń dáná?”

“Ibí yìí náà ni, Màmá. Gáàsì ni.”

“Èéfín ńkọ́?”

“Kì í rú èéfín.”

Ó wò mí bí ẹni tí mo sọ fún pé ilé mi kò ní ilẹ̀kùn. Mo ní kó jẹ́ kí a kó irúgbìn náà sínú yàrá ìwé mi, pé ibẹ̀ gbẹ, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i. “Ṣé ìwé ni?” ló bi mí. “Ilé ìdáná ni irúgbìn ń gbé.” Ó fúnra rẹ̀ tẹ̀ ba, ó sì tò wọ́n sínú plàkáà náà. Mo gbà fún un, nítorí pé mo fẹ́ kí ó rí nǹkan kan nínú ilé náà tó jẹ́ tirẹ̀.

Eku ti jẹ odidi àgbàdo méjì nínú wọn. Mo kó ìyókù síta, mo dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́ kan, mo tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú ibẹ̀. Páìpù mẹ́ta ló gba inú ògiri ẹ̀yìn wọlé: tínrín méjì fún omi tó ń bọ̀, nínípọn kan fún omi ìdọ̀tí tó ń lọ. Birikìlà tó lu ihò wọn kò fi nǹkan kan wọ̀n. Àyè tó yí páìpù nínípọn náà ká gba ìka mẹ́ta. Ti àwọn tínrín gba ìka kọ̀ọ̀kan.

Ní Pobè, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tí a kò ti ní rí àjẹkù àpò sìmẹ́ńtì. Onigbolo, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà, kò jìnnà sí wa. Àwọn ọkọ̀ ńlá ń kó o kọjá lójoojúmọ́, ohunkóhun tó bá sì sán tàbí tó lu, sìmẹ́ńtì ni ọwọ́ wa ń nà sí. Ọwọ́ tèmi náà nà sí i. Mo pò ó mọ́ yanrìn tí mo sẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo fi ṣíbí kékeré kì í wọ inú ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo dán an títí ojú rẹ̀ fi jọ̀lọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, ìró náà padà. Sìmẹ́ńtì náà ti ya kúrò lára páìpù, ó fi àyè sílẹ̀ yí i ká, eku sì ti gé èyí tó rọrùn dànù. N kò lè jókòó mọ́. Bí mo bá ka ìlà méjì, màá lọ ṣí ilẹ̀kùn náà. Bí mo bá ti í, màá tún dúró lẹ́yìn rẹ̀, màá tẹ́tí.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Sakété, sọ́dọ̀ àgbàlagbà plọ̀mbíè kan tí wọ́n ní ó mọ iṣẹ́ páìpù jù lágbègbè wa. Mo bá a níwájú ilé rẹ̀, ó ń fi ayùn gé páìpù oníke.

“Kí lẹ fi dí i?”

“Sìmẹ́ńtì.”

Ó gbé ayùn sílẹ̀. “Ẹ̀yin ará Pobè. Bí eyín bá ká lẹ́nu yín, sìmẹ́ńtì lẹ óò fi dí i.”

“Ìtòsí wa ló wà.”

“Odò wà nítòsí ọ̀pọ̀lọ́, kò fi omi kọ́lé.” Ó rẹ́rìn-ín tó fi wúkọ́. “Páìpù ń mì, ọ̀gá olùkọ́. Bí ẹ bá ti ẹnu ẹ̀rọ pa, ó ń gbọ̀n. Sìmẹ́ńtì kò sì mọ bí a ṣe ń bá ènìyàn gbọ̀n. Ẹ gbẹ́ ẹ dànù. Ẹ fi irun irin tí wọ́n fi ń họ ìdí ìkòkò kún ihò náà, eku kò lè gé e. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtè sílíkọ́nì pa á lójú yí ká, kí ẹ fi ìka tútù tẹ́ ẹ. Ìyẹn kò ní le. Bí páìpù bá fà á, á tẹ̀ lé e.”

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

“Kí ni eku tilẹ̀ ń wá níbẹ̀?”

“Irúgbìn àgbàdo ìyá mi.”

“Lábẹ́ omi?”

“Páìpù náà kò jò.”

“N kò ní ó ń jò. Ẹ fọwọ́ kàn án láàárọ̀, nígbà òjò.”

Mo dúpẹ́, mo wọ ọkọ̀. N kò fọwọ́ kan páìpù kankan. Ọ̀rọ̀ ihò ni mo bá lọ sí Sakété, ọ̀rọ̀ ihò náà ni mo sì gbé bọ̀.

Odidi ọ̀sán kan ni mo fi gbẹ́ sìmẹ́ńtì náà kúrò, tí mo fi irun irin kún àwọn ihò náà, tí mo sì fi sílíkọ́nì pa wọ́n lójú. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

“Gbogbo ilé ìwé yẹn,” ó ní, “abẹ́ ọpọ́n lo bá a dé.”

“Ẹ sún díẹ̀, Màmá, ẹ ń dí ìmọ́lẹ̀.”

“Ó ń rùn bí ògì tó kan jù.”

Òótọ́ ni, sílíkọ́nì náà kan. Mo ní kí a má ṣí plàkáà fún ọjọ́ mẹ́ta kó lè gbẹ dáadáa. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé, mo kó irúgbìn padà, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo sì ní kí a jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ìró kankan kò tún jáde. Síbẹ̀ ara mi kò balẹ̀. Òjò àrọ̀kúrò ti dé, ó ń rọ̀ lójoojúmọ́, èmi sì ń rìn láti tábìlì dé ilé ìdáná, mo ń tẹ́tí sí ìdákẹ́jẹ́ bí mo ti ń tẹ́tí sí eku tẹ́lẹ̀.

Ìyá mi ló ṣí i. Mo bá a tó gbé odidi àgbàdo kan dání, ó ti bó háríhá rẹ̀ sẹ́yìn. Ojú ọmọ rẹ̀ ti dúdú, ebu funfun sì ti hù sáàárín wọn. Mo na ọwọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn páìpù tínrín náà. Ó tutù, omi bò ó bí òógùn, ó ń kán tóótòòtó sórí pátákó ibi tí ìdì méjèèjì wà.

Ó ka ọmọ àgbàdo mẹ́wàá láti ara èyí tó dára jù, ó wé wọn sínú aṣọ tútù, ó gbé e sójú fèrèsé. Fún ọjọ́ márùn-ún, mo ń bá ibẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀. Nígbà tó tú aṣọ náà, mẹ́rin ló hù.

“Ẹ̀bi mi ni,” mo ní.

“Ta ló bi ọ́? Eku jẹ méjì, ọ̀rinrin jẹ ìyókù. O rò pé nítorí eku nìkan la ṣe ń rú èéfín sí i?”

Ohun tí mo rò gan-an nìyẹn.

“Èmi náà ṣì í,” ó ní. “O fi yàrá tó gbẹ hàn mí, mo kọ̀ ọ́. Ilé ìdáná tí kò ní èéfín, n kò rí irú rẹ̀ rí, mo sì lọ kó irúgbìn sí i.” Ó ti ń ká aṣọ rẹ̀. “Mẹ́rin nínú mẹ́wàá ṣì ṣeé gbìn, bí iná bá tètè bá a.”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́ ààrò sí ẹ̀yìnkùlé.”

“Ìgbà wo ni sìmẹ́ńtì náà yóò gbẹ?”

Mo gbé e lọ sí Issaba lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́ Ẹtì ni. Ó dáná, èmi sì gun àga náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju ìyókù lọ. Mo kọ́kọ́ so ìdì náà sísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò lè tó láti ilẹ̀. “Ṣé o fẹ́ yan án ni?” ó ní. “Gbé e sókè.” Mo gbé e sókè. Èéfín wọ̀ mí lójú, ìyá mi sì ń sọ fún mi láti ìsàlẹ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan la gbọ́dọ̀ máa yí i, kí apá kan má baà gbẹ kí èkejì má gbẹ.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé àga náà jáde, mo sì kì í sẹ́yìn ọkọ̀ mi. Ìyá mi fara ti òpó ìloro, ó ń wò mí títí mo fi ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

“Gbé e lọ,” ó ní. “Odó wà nílẹ̀ yìí. Bí Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ bá kọjá tí n kò rí ọ, odó náà ni n óò gùn.”

Mo bi í bóyá Ọjọ́bọ̀ kò ní yá jù.