Ìkómọjáde Nílé Opó

Bí opó kan tó jẹ́ aládùúgbò wa ní Ugbowo bá fẹ́ bá ènìyàn jà, ohùn rẹ̀ máa ń rọ̀ ni. Kì í pariwo.

Nígbà tí àìsàn mú páńkíríásì rẹ̀, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, ikùn rẹ̀ wú. Àwọn obìnrin ìjọ wa sọ pé oyún ni, wọ́n sì lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ní ọsibítù, dókítà ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ẹ̀rọ skáànù lórí gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Ó rí omi tó gbára jọ, ó sì gba inú àpòlúkù fi rọ́bà kékeré fà á gbẹ.

Ara rẹ̀ yá tán, ó ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin náà síbi ìkómọjáde. Wọ́n sáré wá tàwọn ti aṣọ ọmọ. Ó jáde sí wọn, ikùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Omi ni dókítà fà. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di ọmọ, ẹ wá sọ ọ́ lórúkọ."

"Mama, abeg, no vex," ni ọ̀kan wí.

Ìyá ìjọ kúnlẹ̀. "Irọ́ ni, Mà. Irọ́ la pa."

"Orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ pè é lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ọwọ́ mi ni ó fi kọ́kọ́rọ́ géètì rẹ̀ sí. Mi ò ṣí i fún ẹnikẹ́ni tí kò tíì pè é.